Ìlà Tó Kàn

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó síwájú Ọ̀gá Jethro ní gbogbo Sátidé, tí mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ní ká rẹ́rìn-ín, tí mo ń kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, tí mo sì kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́. Kò mọ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn tó kù pé èmi ni mo ń kọ́ iṣẹ́ yá jù nínú ẹgbẹ́ náà. Lórí ìyẹn, kò purọ́.

Rùmáísà ni orúkọ mi. Ilé ìwé girama kan nílùú Kàbbà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Àsíyátù ni ìyá mi ń jẹ́, òun ló sì ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ata ni o, àgbàdo ni o, ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi din àkàrà ni o, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbé e wá. Akólòlò ni. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣe ohun ìtìjú rí. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lẹ́nu, yóò dúró, yóò fi ọwọ́ lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà yóò sì jáde. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a dúró dè é.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun kan nílùú, àwọn obìnrin àsàlátù sì rán ìyá mi pé kó bá àwọn dúpẹ́ níbẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ̀rọ̀ náà níwájú dígí. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ hìjáàbù tuntun aláwọ̀ ewé, ó gba máìkì. "Mo dúpẹ́" ló fẹ́ sọ. "Mo" jáde. "Mo" tún jáde. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn ti ń bá a kà á. Ó lu itan rẹ̀. Àfi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kú lójijì, tí máìkì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi wá jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́ nínú ariwo ẹ̀rín.

Ọ̀gá Jethro Ìbítóyè ló ń darí ètò lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ti ka ìròyìn rí nílé iṣẹ́ rédíò kan ní Kàdúná kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Bó bá ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ, yóò fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni pé ohun èlò rédíò ṣì wà níbẹ̀. Ó tún máa ń kọ eré ẹ̀fẹ̀, àwọn eré kúkúrú tí kì í gba àkókò. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ṣíṣí gbọ̀ngàn yẹn tó gbé eré àdáṣe kan jáde, òun nìkan lórí ìtàgé fún ìṣẹ́jú méje. "Ìyá Mo-Mo-Mo" ló pè é. Ó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó ń fi ọwọ́ lu itan. Fún odindi ìṣẹ́jú méje, kò sọ kọjá "mo".

Mo wà níbẹ̀. Mo rí àwọn tó ń fi orí gbá àga níwájú wọn nítorí ẹ̀rín. Wọ́n fi fóònù gbà á sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ó dé Mopa, ó dé Ekinrin-Adde, ẹnìkan láti Ìsánlú tilẹ̀ fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an, kò mọ̀ pé ìyá mi ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń pe "Mo-mo-mo" lẹ́yìn ìyá mi lójú ọ̀nà. Kó tó tó oṣù méjì, kò lọ sí àsàlátù mọ́. Kó tó tó oṣù mẹ́fà, kò bá oníbàárà sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ata dé, yóò fi ìka júwe ibi tí wọn yóò gbé e sí, yóò tan ẹ̀rọ rẹ̀, yóò kọjú sí ògiri. Èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, nínú ilé, lẹ́yìn tó bá ti tilẹ̀kùn.

Mo lọ bá Ọ̀gá Jethro nílé rẹ̀ nígbà náà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ má ṣe eré yẹn mọ́. Ìyá mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká pẹ́pẹ́pẹ́. "Rùmáísà ọmọ mi, ẹ̀fẹ̀ ni. Kò sí ìkanra nínú rẹ̀. Ẹni tí ìlú bá fẹ́ràn ni ìlú ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ kó wá wò ó, òun gan-an yóò rẹ́rìn-ín."

Mo dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìta, mo ṣàdéhùn pẹ̀lú ara mi pé ibi tó ti mú ìyá mi ni n ó ti mú òun náà, lórí ìtàgé, lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbìyànjú. Mo kọ eré mẹ́ta lórí rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, èébú lásán ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín sí wọn àfi èmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wọ Ẹgbẹ́ Ẹ̀rín.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń pàdé, nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a kì í sì í ju mẹ́wàá lọ. Ẹnìkan yóò mú eré ẹ̀fẹ̀ kúkúrú tàbí eré àdáṣe wá, iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé òde òní, àwọn tó ṣì wà láyé tí wọ́n ṣì ń kọ. A óò kà á sókè. Lẹ́yìn náà a óò tú u wò: ibo la ti rẹ́rìn-ín? Kí ni òǹkọ̀wé fi pamọ́ fún wa kí ẹ̀rín yẹn tó lè jáde? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, Ọ̀gá Jethro dìde, ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ọmọ Ìyá Mo-Mo-Mo rèé. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ti yé e."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo jókòó.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n dójú àmì. Mo rántí eré àdáṣe kan tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Mopa kọ: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń pe orúkọ àwọn adìyẹ rẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni ń pe rẹ́jísítà, orúkọ àwọn ọmọ tó ti kọ́ rí ló sì sọ wọ́n. Adìyẹ kan ń jẹ́ dókítà, òmíràn ń jẹ́ lọ́yà. À ń rẹ́rìn-ín títí ó fi pe orúkọ kan tí kò sí adìyẹ tó dáhùn. Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀gá Jethro bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí táì rẹ̀ nù ún bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ rí ibi tó dákẹ́ sí yẹn?" ó ní. "Ibẹ̀ ni eré náà wà. Gbogbo adìyẹ yòókù, ó ń fi wọ́n kọ́lé de ìdákẹ́ yẹn ni."

Òmíràn tún wà, eré ẹlẹ́ni mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin méjì lọ bá ìdílé kan kẹ́dùn, ẹni tí wọ́n gbọ́ pé ó kú gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ohun tó gbé wọn wá. Ó fún wọn lóúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ́. Ó ní kí ló dé tí ojú wọn fi pọ́n, wọ́n ní ata ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀tàn. Mo gbàgbé ara mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo délé tí mo bá ìyá mi tó kọjú sí ògiri nídìí ẹ̀rọ, mo bú ara mi.

Nípa eré yẹn ni Ọ̀gá Jethro ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fa ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé mi. "Nínú eré àdáṣe pàápàá," ó ní, "ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ ń tú òun fó. Àwọn tó jókòó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Òun ni yóò mọ̀ kẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí n kò tíì ní ni ohun tí n ó fi tú u fó.

Àbúrò bàbá mi ló mú un wá, láìmọ̀. Bàbá Ìbráhímù ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Kàdúná, níbi tó ti ń rán fìlà, kó tó kó wálé lọ́dún tó kọjá. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ó rí àwòrán ẹgbẹ́ wa lórí fóònù mi.

"Jethro rèé," ó ní. "Jethro Máígádì! Ó ṣì ń rìn ganganran báyìí?"

"Máígádì kẹ̀, Bàbá? Akàròyìn ni wọ́n."

Bàbá Ìbráhímù wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá mo ń bá òun ṣeré. "Ìròyìn wo? Òun ló ń ṣí gèètì ilé iṣẹ́ rédíò yẹn fún mọ́tò. Ogún ọdún. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Gbogbo wa tí a wà ní Kàdúná la mọ̀. Nígbà tí a délé tí a gbọ́ ohun tó ń sọ, a dákẹ́. Ta ló fẹ́ dójú ti ọmọ ilé ẹni?"

Mo ní ọ̀rọ̀ náà tọ́. Mo bu omi fún un.

Oṣù méjì ni mo fi kọ eré náà, "Ọ̀gá Bàálù" ni mo sì pè é. N kò fi rédíò kankan sí i, n kò fi gèètì sí i. Bàbá àgbà kan ló jókòó síwájú ilé rẹ̀ tó ń ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe rí bí ẹni pé awakọ̀ òfurufú ni. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà nídìí bàálù," ó ní. "Kò sí olówó tí kò gba iwájú mi kọjá. Wọ́n lè fò títí dé ìlú òyìnbó, bí wọ́n bá padà, èmi ni wọ́n ń wò lójú. Bí mi ò bá dé, kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde. Lọ́jọ́ kan mo yà lọ tọ̀, mínísítà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lókè, ó ń wolẹ̀ bí ọmọ ológbò tó há sórí òrùlé." Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa yé àwọn tó jókòó pé iṣẹ́ bàbá yìí kò ju kó ti àkàsọ̀ onítáyà lọ sí ẹnu bàálù kí àwọn èrò lè sọ̀ kalẹ̀. Òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ìparí rẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ bi í bí inú bàálù ṣe rí, ó sì ní òun kò wọ inú rẹ̀ rí.

Mo gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Mo ní òǹkọ̀wé kan ní Lọ́kọ́ja tí kò fẹ́ ká mọ orúkọ òun ló kọ ọ́. Yàsírù, tíṣà báyọ́lọ́jì ní ilé ìwé wa, ló kà á sókè. Ọ̀gá Jethro rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Yàsírù, ó tún ìlà kan kà, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹni yìí mọ iṣẹ́," ó ní. "Ẹ wo bí bàbá yìí ṣe ń purọ́ láìsọ irọ́ kan ṣoṣo! Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, òtítọ́ ni. Èmi ni n ó ṣe eré yìí ní àjọ̀dún wa."

"Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é, sà," mo ní.

Lois, nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó tì mí, bojú wò mí. Nígbà tí à ń jáde ó fà mí lápá. "Rùmáísà, ta ló kọ eré yìí?"

"Ọmọ Lọ́kọ́ja kan ni."

"Hùn-ún," ló wí. Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú ti wálé, ni àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Ẹ̀rín. Gbọ̀ngàn tí ẹ̀rín ti pa ìyá mi lẹ́nu mọ́ yẹn náà ni. Èmi ni wọ́n fi sídìí ètò àga. Mo fi Màmá Tiwalọlá, ìyàwó Ọ̀gá Jethro, síwájú pátápátá. Lẹ́yìn tó ti Kàdúná dé ló fẹ́ obìnrin náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà kejì ni mo fi Bàbá Ìbráhímù sí, pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn tí wọ́n ti Kàdúná wálé. Mo ti lọ pè wọ́n nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n wá wo eré dáadáa kan. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pe ìyá mi náà, ó mi orí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo wẹ̀yìn tí mo rí i lórí àga kan nítòsí ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Ìwé eré wà lọ́wọ́ mi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Ọ̀gá Jethro, ọ̀rọ̀ sì máa ń fò ó. Èmi ni n ó máa rán an létí.

Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti táì. Àtẹ́wọ́ dún. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó bọ́ awò ojú kó fi etí táì nù ún, ó ṣe bẹ́ẹ̀. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó fi ọwọ́ kan etí ọ̀tún, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló gbé wá fún mi, n kò ní láti kọ ọ́. Àwọn ènìyàn ń fi bàbá onírọ́ yẹn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ń rí Ọ̀gá Jethro, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ìdí.

Ó dé ibi tó ti ní, "Bí mi ò bá dé, kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde."

Bàbá Bọ́ládé, ọ̀kan nínú àwọn ará Kàdúná, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ké, "Máígádì! Ṣí gèètì!"

Ìlà kejì dàrú. Bàbá Ìbráhímù fi fìlà bo ojú. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn na ọrùn, wọ́n ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ fún wọn. Mo jókòó, mo ń wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń lọ láti àga dé àga. Wọ́n á fi etí sí ẹnu ara wọn, wọ́n á gbójú sókè wo ìtàgé, ẹ̀rín á sì gbé wọn. Ó dé àárín gbọ̀ngàn. Ó dé ẹ̀yìn. Ẹnìkan tún pariwo "Ṣí gèètì!" lẹ́yìn, ohùn ọ̀dọ́ ni, kò dé Kàdúná rí.

Ọ̀gá Jethro ti dákẹ́. Ó ń wo ìlà kejì. Mo rí i bó ṣe ń dá wọn mọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí mi.

Kí n má purọ́, ohun tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Mo fẹ́ kó wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo gbé ohùn sókè kí ìlà iwájú lè gbọ́.

"'Ìyàwó mi kò mọ̀.'"

Ó ṣì ń wò mí.

"Ìlà tó kàn, Ọ̀gá Jethro," mo ní. "'Ìyàwó mi kò mọ̀.'"

Màmá Tiwalọlá ti gbé ọwọ́ lé àyà. Ọ̀gá Jethro kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ó sì sọ ọ́: "Ìyàwó mi kò mọ̀." Ó ń bá a lọ láti ibẹ̀, láìfi ọwọ́ kan etí mọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo retí pé yóò sá. Kò sá. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, tó ní "N kò wọ inú rẹ̀ rí," ariwo ẹ̀rín ti pọ̀ débi pé èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ó tẹrí ba, ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Inú mi dùn. Ó dùn débi pé mo fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wẹ̀yìn wá ìyá mi, àga rẹ̀ ti ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Jánúárì ni Ọ̀gá Jethro wá sílé wa, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ti fi fóònù gba eré náà sílẹ̀, fídíò rẹ̀ ti dé ibi tí ti ìyá mi dé, ó tún ti kọjá rẹ̀. Kò wọ táì. Ìyá mi ń lọ àgbàdo lọ́wọ́, àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó tì í. Èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Okun o," ló wí, bí a ṣe ń kíni nílùú wa.

Àwọn obìnrin náà dáhùn. Èmi kò dáhùn.

"Rùmáísà, ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Mo ti mọ̀." Ó kọjú sí ìyá mi. "Màmá Rùmáísà, mo wá bẹ̀ yín. Ohun tí mo ṣe nígbà náà…"

Ìyá mi pa ẹ̀rọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó dìde, ó la ẹnu níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́fà.

"M-m-mo… mo…"

"Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ti dárí jì mí," Ọ̀gá Jethro bá a sọ, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Ìyá mi na ìka sí i. "Má… má bá mi p-parí rẹ̀."

Ọ̀gá Jethro pa ẹnu mọ́. Òun náà dúró. Ìyá mi kò kánjú. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan há bó ṣe fẹ́ há, kò fi ọwọ́ lu itan, ó sì mú ojú rẹ̀ mọ́ ti ọkùnrin náà títí.

"Mo ti ń d-dúró dè ọ́," ó ní. Ọkùnrin yìí fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ṣùgbọ́n "ọ" ló pè é, kò pè é ní "yín". Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn wo ara wọn. "N kò dárí jì ọ́. N-n kò ní dárí jì ọ́. Máa lọ sílé rẹ."

Ó bá mi lára mu bí omi tútù. Mo dìde, mo fẹ́ lọ dúró tì í. Ó yí sí mi.

"Ìwọ náà," ó ní. "M-máígádì ni bàbá mi."

"Ìyá, ilé iṣẹ́ òyìnbó lẹ ní wọ́n ti ṣiṣẹ́, ní Lọ́kọ́ja."

"Ẹnu… ẹnu gèètì rẹ̀ ni. Ojú ló ń tì mí, n kò sọ fún ọ." Ó mí kanlẹ̀. "Mo jókòó sí gbọ̀ngàn, wọ́n ń f-fi iṣẹ́ bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ló k-kọ ọ́."

Mo ti fẹ́ sọ pé irọ́ náà ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n "Ṣí gèètì" ni gbogbo ìlú ń ké kiri, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ irọ́. Ìyá mi tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Ọ̀gá Jethro dé ojú ọ̀nà, ó dúró. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi.

"Eré dáadáa ni," ló wí. "Ìparí rẹ̀ nìkan ló yá jù. Lẹ́yìn ìbéèrè ìyàwó yẹn, ó yẹ kí bàbá náà dákẹ́ kó pẹ́. Kó pẹ́ gan-an." Ó ń lọ.

Ó bí mi nínú pé òótọ́ ló sọ. Mo tún ìparí náà ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ti padà sí àsàlátù. Bí ọmọdé bá pè é ní orúkọ yẹn lójú ọ̀nà, yóò dá a dúró, yóò bá a wí délẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, ọmọ náà yóò sì dúró gbọ́ ọ. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀. Ọ̀gá Jethro ti kó lọ sí oko kan tó ní ní ìhà Ifẹ̀-Olúkòtún. Èmi ni wọ́n ní kí n máa darí Ẹgbẹ́ Ẹ̀rín, mo gbà. Lois sọ fún mi nínú ìpàdé àkọ́kọ́ pé bí mo bá kọ eré nípa òun, òun yóò mọ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé mo kábàámọ̀. Rárá. Bí Ọ̀gá Jethro bá tún dúró lórí ìtàgé lọ́la, n ó tún ṣí ìwé mi.

Ṣùgbọ́n mo pàdé Màmá Tiwalọlá lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun nìkan, ó gbé agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Okun o, Ma." Ó gbọ́ mi. Ó wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ó kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìdáhùn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn ń yà fún mi. Obìnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí rí. Èmi ni mo mú un jókòó síwájú.